Bátìrì Mẹ́ta

[Fóònù dún títí. Wọ́n gbé e.]

MISBAUDEEN: Allô? Àǹtí Azeezah, ẹ kú ọ̀sán.

AZEEZAH: Káàsán. Ṣé àlàáfíà lo wà?

MISBAUDEEN: Àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Mounira ńkọ́?

AZEEZAH: Ó wà nílé ìwé.

MISBAUDEEN: Bàbá Mounira ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́? Ọjà ńkọ́?

AZEEZAH: Ọjọ́ méjì la ti ń pè ọ́, Misbau.

MISBAUDEEN: Mo pa fóònù ni. Tí mo bá ti ń to fídíò pọ̀, mi kì í tan fóònù, ẹ mọ̀ mí.

AZEEZAH: Níbo lo wà báyìí?

MISBAUDEEN: Àdúgbò Kennedy. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Abdoul tó ń ta sìgá oníbátìrì.

[Họ́ọ̀nù ọkọ̀ ńlá. Ohùn ọkùnrin kan ń ké pé àyè méjì ló kù: "Abidjan, Abidjan, deux places."]

AZEEZAH: Kí lẹni yẹn ń kígbe ẹ̀?

MISBAUDEEN: Ọkọ̀ ló ń kọjá. Ẹ máa sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́. Fídíò mi lẹ rí, àbí? Ti sìgá oníbátìrì yẹn.

AZEEZAH: Mo rí i.

MISBAUDEEN: Mo mọ̀. Ẹ wò ó dé ìparí?

AZEEZAH: Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó.

MISBAUDEEN: [ó rẹ́rìn-ín] Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé eré ọmọdé ni mò ń ṣe.

AZEEZAH: Misbau, mo fẹ́ bi ọ́ ní—

MISBAUDEEN: Ẹ rí ibi tí mo ti jù ú láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Sìmẹ́ńtì ló bá. Kò fọ́. Mo rì í bọnú korobá omi, mo fi í síbẹ̀ títí mo fi jẹun tán. Kò kú. Abdoul gun alùpùpù kọjá lórí ẹ̀. Franchement, Àǹtí, ojú ẹ̀ ò sán.

AZEEZAH: Mo rí gbogbo ẹ̀.

MISBAUDEEN: Ẹ̀rọ tó le nìyẹn. Rọ́bà ni wọ́n fi wé e yíká. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́, bí òkúta ni. Èyí tí wọ́n ń tà kiri ọjà yẹn, bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Eléyìí, bátìrì méjì ló ń gbé, àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní wá iná lọ síbì kan.

AZEEZAH: Táńkì ẹ̀ ńkọ́? Ibi tí wọ́n ń da omi sí.

MISBAUDEEN: Ẹ̀yin náà ti ń mọ̀ ọ́n. Gíláàsì ni. Ó fẹ̀. Ẹ máa ti orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ da omi sí i, ẹ pa á dé. Omi máńgòrò tí mo dà sí i, bí ẹni ń jẹ máńgòrò gan-an ni. Èéfín ẹ̀ pọ̀. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

AZEEZAH: Kí ló gba ọ̀kan yòókù?

MISBAUDEEN: Ó wúwo díẹ̀ nínú àpò. Ìyẹn nìkan.

AZEEZAH: Kò jò?

MISBAUDEEN: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè?

AZEEZAH: Ṣòkòtò Bàbá Mounira ni. Látìgbà ọdún Ìtúnu tí o ti fi ẹ̀rọ yẹn ta wọ́n lọ́rẹ, gbogbo ṣòkòtò tí mo bá fẹ́ fọ̀, àpò ọ̀tún á tutù, á máa rùn máńgòrò. Mo rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n dà ni.

MISBAUDEEN: Tí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ó máa ń jò díẹ̀ nídìí. Gbogbo táńkì ló ń jò, Àǹtí.

AZEEZAH: O ò sọ ọ́ nínú fídíò.

MISBAUDEEN: Mo sọ ọ́. Mo gé e kúrò ni. Ọ̀fẹ́ ni Abdoul gbé ẹ̀rọ yẹn fún mi. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún èèyàn, ṣé èèyàn á tún máa ṣa òkúta inú ìrẹsì ẹ̀ han aráyé?

AZEEZAH: Ọkọ mi ló ń jẹ ìrẹsì yẹn.

MISBAUDEEN: Àǹtí, ṣé nítorí àpò ṣòkòtò lẹ ṣe pè mí?

[Fóònù ń já.]

AZEEZAH: ...bátìrì. Ṣé o gbọ́ mi?

MISBAUDEEN: Réseau ò dáa. Ẹ tún un sọ.

AZEEZAH: Mo ní bátìrì ẹ̀. Ṣé ẹyọ kan ni wọ́n ń rà á ni, àbí méjì?

MISBAUDEEN: Méjì ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń ra méjèèjì, wọ́n á jọ gba iná, wọ́n á jọ gbó. Tí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sọ èkejì nù tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á tiẹ̀ fi bíírò sàmì sí wọn lára, kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Bíi tọkọtaya, quoi. Kí lẹ fẹ́—

AZEEZAH: Tí èèyàn bá wá fi tuntun kan pọ̀ mọ́ ògbólógbòó kan?

MISBAUDEEN: Kò dáa. Èyí tó lágbára á máa fipá ti èyí tí ò lágbára. Wọ́n á gbóná.

AZEEZAH: Wọ́n á gbóná, wọ́n á wá ṣe kí ni?

MISBAUDEEN: Kí ló ṣẹlẹ̀?

AZEEZAH: Dá mi lóhùn.

MISBAUDEEN: Wọ́n lè bú. Kì í sábà— Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?

AZEEZAH: Ó bú.

MISBAUDEEN: Kí ló bú?

AZEEZAH: Ẹ̀rọ tí o fún Bàbá Mounira. Ìjẹta ni. Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ oníbàárà kan, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń súfèé nínú àpò wọn. Wọ́n tiwọ́ bọ àpò kí wọ́n yọ ọ́ sọ nù. Ọwọ́ wọn ló bú sí.

MISBAUDEEN: Subhanallahi.

AZEEZAH: Ìjẹta la ti ń pè ọ́.

MISBAUDEEN: Ọwọ́ wo?

AZEEZAH: Ọ̀tún. Itan náà jó, ṣùgbọ́n itan á jinná. Dókítà ní ìka méjì ò ní lè ká mọ́, bóyá mẹ́ta. Ìka tí wọ́n fi ń mú nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ tó kéré bí orí ìṣáná.

MISBAUDEEN: Wọ́n ṣì wà lọ́sibítù?

AZEEZAH: Wọ́n wà ńbẹ̀. Wọ́n kọjú sógiri. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, Misbau. Èmi ni mo ní kí wọ́n gba tìẹ. O ní kò léérú, kò níná.

MISBAUDEEN: Wallahi mi ò mọ̀. Bátìrì tó wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo fún wọn dáa. Méjèèjì jọ wá ni. Ta ló lọ fi òmíràn sí i?

AZEEZAH: Ọ̀kan kú. Wọ́n lọ ra ẹyọ kan lọ́wọ́ Ìyá.

MISBAUDEEN: Ìyá tú u?

AZEEZAH: Ìyá tú u, wọ́n tà á lẹ́yọ.

MISBAUDEEN: Ẹ ò rí i? Mo sọ fún Ìyá. Mo ní méjì méjì ni kí wọ́n máa tà á.

AZEEZAH: O sọ fún wọn?

MISBAUDEEN: Mo sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá kì í gbọ́. Gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń tú, ẹ̀yin náà mọ̀.

AZEEZAH: Mo mọ̀. Ṣúgà, ẹyọ kan. Abẹ́rẹ́, ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ìdajì ọṣẹ, wọ́n á fi òwú gé e fún un. Bí ará àdúgbò wa ní Dougouba bá fẹ́ ra ohun tí kò tó nǹkan, kí ni wọ́n máa ń sọ?

MISBAUDEEN: Lọ sọ́dọ̀ Anango, ìyá Yorùbá yẹn, á gé e fún ẹ.

AZEEZAH: Gígé yẹn la jẹ dàgbà. Òun ni wọ́n fi rán ọ nílé ìwé dé lycée. Gbogbo ìlú Bouaké yìí ló mọ̀ pé ohun tó bá dé iwájú Ìyá, wọ́n á tú u. Ìwọ ọmọ wọn nìkan lo ò mọ̀?

MISBAUDEEN: Ohun tó jẹ́ kí n sọ fún wọn nìyẹn.

AZEEZAH: Nígbà wo?

MISBAUDEEN: Lọ́jọ́ tí mo kó o wá.

AZEEZAH: Ìyá ò sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí o kó o wá.

MISBAUDEEN: Kí lẹ sọ? Ó ń já.

AZEEZAH: Kò já. Mo ní Ìyá ò sí ńbẹ̀. Wọ́n lọ kírun àìlà. Èmi ni mo jókòó ti ọjà. O ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. O na láílọ́ọ̀nù dúdú kan sí mi, o ní, Àǹtí, ẹ bá mi kó o fún Ìyá kí wọ́n máa tà á. O yí alùpùpù, o lọ.

MISBAUDEEN: Bóyá mo pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn náà.

AZEEZAH: Bóyá.

MISBAUDEEN: Àǹtí, èèyàn ò lè rántí gbogbo— ìwé sì wà nínú páálí ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bàbá Mounira ló yẹ kí wọ́n kà á.

AZEEZAH: Mo ka ìwé yẹn.

MISBAUDEEN: Ẹ̀yin?

AZEEZAH: Èmi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, lánàá. Lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Èmi tí mo ṣì ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, mo kà á látàárọ̀ títí wọ́n fi gbóúnjẹ ọ̀sán wá. Par paire, ó ní, méjì méjì. Toujours, nígbà gbogbo. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ya iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá lọ wo fídíò ẹ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, mò ń wá ibi tí o ti sọ ọ́.

MISBAUDEEN: Fídíò yẹn ti gùn jù.

AZEEZAH: O rí àyè ju ẹ̀rọ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

MISBAUDEEN: Ohun tí wọ́n fẹ́ wò nìyẹn, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó ń jókòó gbọ́ wàásù bátìrì.

AZEEZAH: Láílọ́ọ̀nù tí o kó wá. Mélòó ló wà nínú ẹ̀?

MISBAUDEEN: Mẹ́rin. Méjì méjì lọ́nà méjì.

AZEEZAH: Mẹ́ta ni.

[Họ́ọ̀nù. Ohùn ọkùnrin náà ní ó ku ẹnì kan kí wọ́n gbéra: "Abidjan, une place, on part."]

MISBAUDEEN: Mẹ́rin ni Abdoul kó fún mi.

AZEEZAH: Mi ò bi ọ́ ní ti Abdoul. Mẹ́ta lo nà sí mi. Mo kà á. Ọmọ ọlọ́jà ni mí, mi kì í gba ọjà láì kà á. Mo tiẹ̀ rò ó lọ́kàn mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta, ta ló ń ta bàtà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mi ò pè ọ́ kí n bi ọ́. Tèmi nìyẹn níbẹ̀, mo ti gbé tèmi.

[Họ́ọ̀nù tún dún.]

AZEEZAH: Misbau. Ṣé o gbọ́ mi?

MISBAUDEEN: Mo gbọ́.

AZEEZAH: Ẹ̀kẹrin ńkọ́?

MISBAUDEEN: Mo mú un.

AZEEZAH: O fi ṣe kí ni?

MISBAUDEEN: Mo ní ẹ̀rọ tèmi, èyí tí mo ti ń lò tipẹ́. Bátìrì ẹ̀ kan kú. Mo mú ọ̀kan nínú ti Abdoul sí i.

AZEEZAH: Tuntun kan, ògbólógbòó kan.

MISBAUDEEN: Ọjọ́ kan péré ni.

AZEEZAH: Kí ló ṣe?

MISBAUDEEN: Àǹtí—

AZEEZAH: Kí ló ṣe, Misbaudeen?

MISBAUDEEN: Ó gbóná.

AZEEZAH: Báwo ló ṣe gbóná tó?

MISBAUDEEN: Mi ò lè mú un lọ́wọ́ mọ́. Mo sọ ọ́ sórí iyanrìn. Nígbà tó tutù ni mo yọ bátìrì náà.

AZEEZAH: Ṣé kí o tó kó mẹ́ta wá fún mi ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?

MISBAUDEEN: Lẹ́yìn ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì.

AZEEZAH: Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí o ti mọ̀.

MISBAUDEEN: Mo fẹ́ pè yín.

AZEEZAH: Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Bàbá Mounira ò tíì ra tiwọn nígbà náà. Fídíò gan-an ò tíì jáde.

MISBAUDEEN: Mo ní kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi ná. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé. Mo gbàgbé ni, Àǹtí, kì í ṣe ìkà.

AZEEZAH: O gbàgbé, o sì fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

[Ẹnì kan ń wúkọ́ nítòsí Misbaudeen.]

AZEEZAH: Gbọ́ mi báyìí. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Alhaji Sùlàímọ́nù ń pe gbogbo ẹbí jọ.

MISBAUDEEN: Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mounira?

AZEEZAH: Ẹ̀gbọ́n wọn. Òun ló ni ibi tí Ìyá pàtẹ sí, ṣé o rántí. Ó ní Ìyá ò ní tajà ńbẹ̀ mọ́. Ó ní ìyá ìyàwó tó lè sun àna ẹ̀, ta ni ò ní sun. Anango oníná ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà báyìí. Lánàá, láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ra abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ká tapólíìnì. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn ń lọ.

MISBAUDEEN: Ògbómọ̀ṣọ́ wo? Ta ló kù ńbẹ̀? Ilé Bàbá wa ti wó.

AZEEZAH: Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ ṣì wà.

MISBAUDEEN: Ìyá sọ bẹ́ẹ̀?

AZEEZAH: Wá, Misbau. Láti Kennedy dé Dougouba ò jìnnà. Wá jókòó níwájú Alhaji kí o sọ bó ṣe rí. Mẹ́ta lo kó wá, o ò kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni, o rí i tó gbóná, o dákẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní kí o mú nǹkan mìíràn dání.

[Ẹ́ńjìnnì ńlá kan dún. Ilẹ̀kùn irin pa dé.]

MISBAUDEEN: Àǹtí, mi ò sí ní Kennedy.

AZEEZAH: Mo mọ̀. Látìgbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ ni ọkùnrin yẹn ti ń pe Abidjan.

MISBAUDEEN: Tí mo bá débẹ̀ ni mo fẹ́ pè yín. Àwọn tó ń kó ẹ̀rọ yẹn wọ̀lú ló rí fídíò mi. Wọ́n ní kí n wá lọ́la, aago mẹ́jọ àárọ̀. Èmi ni màá máa sọ̀rọ̀ fún ọjà wọn. Contrat ni, Àǹtí. Ó ti kúrò ní eré.

AZEEZAH: Sọ̀ kalẹ̀.

MISBAUDEEN: Tí mo bá lọ sọ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn pé mo rí i tó gbóná, kó tó dalẹ́, ó ti dé etí wọn. Ẹnì kan á gbóhùn mi sórí fóònù.

AZEEZAH: Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀.

MISBAUDEEN: Ẹrù mi wà nísàlẹ̀ ọkọ̀.

AZEEZAH: Ẹrù.

MISBAUDEEN: Ẹ jẹ́ kí n rí wọn lọ́la kí n padà. Ọ̀tunla, mo wà níwájú Alhaji. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ ní ara mi ò yá.

AZEEZAH: Èmi ni kí n lọ purọ́ yẹn?

MISBAUDEEN: Irọ́ kékeré ni.

AZEEZAH: Irọ́ ti pọ̀ tó nílé wa. Ìyá ti pa tiwọn.

[Fóònù ń já.]

MISBAUDEEN: ...ẹ sọ? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ìyá ti ṣe kí ni?

AZEEZAH: Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èyí ni màá fi mú ọ. Mo fẹ́ kí o wá fúnra ẹ. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àsùbáà, Ìyá dá lọ bá Alhaji nílé. Wọn ò mú mi dání. Ìyàwó Alhaji ló wá sọ fún mi. Wọ́n kúnlẹ̀.

MISBAUDEEN: Ìyá kúnlẹ̀ fún Alhaji?

AZEEZAH: Alhaji tó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ ìdána mi, tó fàyà gbálẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé mẹ́rin lo kó wá. Wọ́n ní o kìlọ̀ fáwọn, o ní méjì méjì, o tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ojúkòkòrò ló mú àwọn tú u, ọ̀kan sì ti sọnù lábẹ́ àtẹ.

MISBAUDEEN: Ta ló ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

AZEEZAH: Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ọ́. Mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, Misbau. Wọ́n mọ̀ pé mẹ́ta ni. Wọn ò tíì gbàgbé oye ọjà kan rí. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ pè ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n má bi ọ́ léèrè. Wọ́n ní tí mo bá bi ọ́, wàá dáhùn.

[Ọkọ̀ ti ń rìn. Rédíò ń kọrin nínú ọkọ̀.]

AZEEZAH: Ṣé o gbọ́ mi?

MISBAUDEEN: Mò ń gbọ́.

AZEEZAH: Ó ṣì ku wákàtí kan. Ọkọ̀ yẹn máa dúró ní corridor níbi táwọn ọlọ́pàá ti ń wo ìwé. Sọ̀ kalẹ̀ ńbẹ̀. Jẹ́ kí ẹrù máa lọ. Màá rán alùpùpù wá pàdé ẹ.

MISBAUDEEN: Àǹtí.

AZEEZAH: Sọ ọ́.

MISBAUDEEN: Ṣé Alhaji gbà á gbọ́?

AZEEZAH: Kí lo ní?

MISBAUDEEN: Ohun tí Ìyá sọ. Ṣé wọ́n gbà á gbọ́?

[Rédíò nìkan ló ń dún.]

AZEEZAH: Wọ́n gbà á gbọ́.

[Ọkọ̀ dín eré kù, ó dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn ọlọ́pàá kan ń béèrè ìwé: "Pièces, s'il vous plaît."]

AZEEZAH: Ọkọ̀ ti dúró. Mo gbọ́ ọ. Sọ̀ kalẹ̀, Misbau.

[Bébà ń dún. Ohùn náà ní kí wọ́n máa lọ: "C'est bon." Ilẹ̀kùn pa dé. Ẹ́ńjìnnì gbéra.]

MISBAUDEEN: Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ ní mo ní ẹ kú ìrọ́jú.

AZEEZAH: Misbau, ṣé o—

[Ìpè já.]